Ìwo Tí Mo Gbọ́ Tí N Kò Dáhùn

Òfin wa kò le, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kúrò lójú ọ̀nà tó gba inú igbó wọlé, kó pariwo tàbí kó fun ìwo. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni, ẹni tó bá sì pa á kò jẹ̀bi. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ rántí ni ìdajì kejì: ẹni tó bá gbọ́ ìwo náà, kó dá a lóhùn. Kò sí ọba tó ṣe ìyẹn lófin. Àṣà àwa ará abúlé Beoholt ni, kí àlejò lè mọ̀ pé a ti gbọ́ òun, kí àwọn tó ń da ẹlẹ́dẹ̀ nínú igbó sì gbọ́ ohùn wa, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kò fi ara pamọ́. Èmi Tetta, opó Wigmund, mo gbọ́ ìwo lọ́jọ́ kan, n kò dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ìgbà tí èso igi óákù ń jábọ́ ni. Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ abúlé wà nínú igbó, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sanra, àwọn olè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ méje ni wọ́n kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àbúrò mi, Dudda, ló ń ṣọ́ ìyókù. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá kú, èmi ni mo fi wàrà àgùntàn tọ́ ọ dàgbà. Lákòókò tí mò ń wí yìí, ojú rẹ̀ ti pọ́n kókó nítorí àìsùn, ọ̀kọ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún ń dà wá láàmú. Ọba ń bọ̀ wá jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ọba wa ṣe ń jẹun nìyẹn, láti abúlé dé abúlé, òun àti gbogbo àwọn tó ń gun ẹṣin tẹ̀lé e. Tiwa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún búrẹ́dì, màlúù méjì, ọgọ́rùn-ún ẹja, ọtí ọkà tí kò lóǹkà, àti oyin ìkòkò mẹ́wàá. Ọrùn mi ni oyin wà. Ìkòkò mẹ́sàn-án ti kún, ó ku ẹyọ kan, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Nídìí ìkòkò kẹwàá yẹn ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti fín èéfín sí agbọ̀n oyin, mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. A kì í pariwo nídìí oyin, ẹni tó bá dán an wò ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti ìhà odò. Ìwo ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó là láàárín, ó wá parí kín-ín bí ìgbà tí ọmọ àgùntàn bá wúkọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹlòmíràn á dá a lóhùn. Mo tún na ọwọ́ sí afárá oyin.

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́. Àwọn obìnrin wà nídìí ààrò búrẹ́dì, àwọn ọkùnrin sì ń gé igi. Afárá tí mo yọ kò tíì kán tán sínú ìkòkò tí ohùn Dudda fi sọ.

"Mo pa olè! Ẹ wá wò ó o! Mo pa olè!"

Bí òfin ṣe wí nìyẹn náà: ẹni tó bá pa olè, kó kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má fi bò. A sáré lọ. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ létí odò, ọ̀kọ̀ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà nínú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mu omi ni. Bàbá Hunbald, tó dàgbà jù wá lọ, ló yí i padà.

"Dudda," ni Bàbá Hunbald wí, "olè wo ló ń wọ òrùka ọba?"

Ìwo ẹfọ̀n wà ní ìgbànú ọkùnrin náà, wọ́n fi fàdákà yí ẹnu rẹ̀ ká. Penwald, ìríjú ọba lábúlé wa, sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó sì ṣí fìlà. Ordlaf ni, ẹni tó máa ń ṣáájú ọba láti wá wí fúnni pé ọba ti dé tán. Ọmú kan náà lòun àti ọba jọ mu. Odò ti kún bo ojú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tó fi gba inú igbó.

"Kò fun ìwo," ni Dudda wí. Ètè rẹ̀ ti funfun. "Àárín ẹlẹ́dẹ̀ ni mo wà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹran ni. Kò fun ìwo, ẹ̀yin ará ilé mi."

Penwald yí sí wa. "Ta ló gbọ́ ìwo nínú yín?"

Wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Hunbald ní òun ò gbọ́, òun wà nídìí igi gígé. Ẹni tó tẹ̀lé e kò gbọ́. Ó kàn mí.

"Mi ò gbọ́," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó rò ó. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.

Wọ́n ti Dudda mọ́ inú àká ọkà. Penwald wá ka ọ̀ràn náà fún wa. Nígbà tí ọba bá dé, Dudda máa fọwọ́ lé àgbélébùú onígi tó wà ní gbàgede, yóò búra pé Ordlaf kò fun ìwo. Ènìyàn méjìlá tó lómìnira, tó sì ní ilẹ̀, máa búra tẹ̀lé e pé ìbúra rẹ̀ mọ́. Bí méjìlá bá pé, Dudda lọ sílé, Ordlaf di olè, wọ́n á sin ín sí ààlà abúlé láìsí àdúrà. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá yẹsẹ̀, ìbúra ti fọ́, ọrùn Dudda sì ni.

"Ẹni mélòó la ní?" ni Bàbá Hunbald béèrè. Ó ń fi ìka kà wá. "Mọ́kànlá. Àwọn mẹ́ta wà lójú ogun. Tetta, ilẹ̀ Wigmund ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá."

"Ìwọ ni ìkejìlá nìyẹn. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi, kí Ọlọ́run má sọ pé ìbúra tèmi ò pé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá búra èké lórí àgbélébùú, ilẹ̀ ìjọ kò ní gba òkú rẹ̀, bí ajá ni wọ́n á ṣe sin ín. Èyí tí mo sì bẹ̀rù ju ìyẹn lọ ni pé ibi tí Ordlaf wà ní ọ̀run, ó mọ̀ pé mo gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé búrẹ́dì lọ fún Dudda. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn àká.

"Jẹun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí n rí ojú yín."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyàngbò ọkà ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìdí oyin yín kò jìnnà sí odò," ni ó wí. "Ẹ ò gbọ́ ìwo, àbí ẹ gbọ́? Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń jà sí èso óákù lọ́jọ́ yẹn, ariwo wọn dí mi létí. Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn láti àná pé bóyá ó fun ún. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní lè gbé e. Kí n fi ọ̀kọ̀ gún ẹ̀yìn ẹni tó ti kígbe pé òun ń bọ̀? Ẹ sọ fún mi."

Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ? Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Dudda."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. "Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun. Ó ti tán nìyẹn. Mo lè fọwọ́ lé àgbélébùú láìbẹ̀rù."

"Jẹun," ni mo tún wí, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni kẹ̀kẹ́ màlúù kan wọ abúlé. Ìyá Ordlaf ni, Kwenburh lorúkọ rẹ̀; ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì igbó, ó wá gbé òkú ọmọ rẹ̀. Penwald kọ̀ fún un, ó ní òkú tí a pè ní olè kò ní kúrò lábẹ́ ewé tí a fi bò ó títí ìbúra yóò fi parí. Obìnrin náà kò pariwo. Ilé mi ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ga, ó gbẹ, gbogbo irun rẹ̀ ti funfun.

"Ṣé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó pa á?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Fún mi lómi. Mo fẹ́ nu ojú rẹ̀. Mi ò wá jà."

Mo bu omi. Ó ń wo ìkòkò oyin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ kọ́ ni mo ń wá," ni ó wí. "Bí ẹ ta gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ordlaf kò ní dìde. Àmọ́ ẹ ti gba ẹ̀mí rẹ̀, ẹ tún fẹ́ gba orúkọ rẹ̀. Lọ́la, ènìyàn méjìlá máa dúró níwájú mi, wọ́n á ní olè ni mo bí. Ṣé o wà lára wọn?"

"Èmi ni ìkejìlá."

Ó gba omi. Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi, ìbá sì tù mí lára bó bá ṣẹ́ ẹ. Ohun tó kàn sọ ni pé: "Ilé rẹ ń ta sánsán. Oyin dáadáa ni." Ó sì jáde.

N kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, n kò sì sùn. Mo gbìyànjú láti parọ́ fún ara mi. Mo ní bóyá ẹyẹ ni mo gbọ́, bóyá ọmọ àgùntàn ni lóòótọ́. Etí mi kò gbà. Bí mo bá pa ojú dé, màá tún gbọ́ ọ: lókè, ó là, ó parí kín-ín.

Ọba dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. N kò mọ ohun tí mo ti rò pé ọba ń jọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí àárẹ̀ mú ni mo rí, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì, búrẹ́dì ń yọ èéfín, wọ́n sì ti ṣí oyin mi sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lọ síbi òkú, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó jókòó lábẹ́ igi ńlá tó kọjú sí àgbélébùú.

"Òfin ni òfin," ni ó wí. "Bí ìbúra bá dúró, mo máa jẹun yín, mo máa lọ, n kò ní sọ̀rọ̀. Bí ó bá fọ́, igi tí mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ yìí ni màá gbé e kọ́ kí búrẹ́dì yẹn tó tutù."

Wọ́n mú Dudda wá. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù, ara rẹ̀ balẹ̀ nítorí mi. Ó gbé ọwọ́ lé igi náà, ohùn rẹ̀ ketekete.

"Ní orúkọ Olúwa tó ni àgbélébùú yìí, mo pa ọkùnrin yìí bí a ṣe ń pa olè. Kò pariwo, kò fun ìwo."

Bàbá Hunbald bọ́ síwájú. "Ní orúkọ Olúwa, ìbúra Dudda mọ́, irọ́ kò sí nínú rẹ̀." Ẹnì kejì. Ẹnì kẹta. Mò ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Kwenburh dúró ní apá òsì ọba, bí ẹnìkan bá ti búra, yóò wo onítọ̀hún lójú. Ẹnì kẹjọ. Ẹnì kẹsàn-án. Ẹnì kọkànlá ṣe tirẹ̀ tán, ó sì yà fún mi.

Mo gbé ọwọ́ lé igi náà. Ọwọ́ tí mo kì bọ agbọ̀n oyin ni, ó ṣì wú níbi tí wọ́n ti ta mí. Mo wo Dudda. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi kí n má baà bẹ̀rù.

Mo gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Mo gbọ́ ìwo," ni mo wí.

Ariwo sọ. Penwald ní orí mi ti dàrú. Bàbá Hunbald fa aṣọ mi. "Tetta! Tetta, ṣé wèrè ni? Pa ẹnu rẹ dé!" Dudda fẹ́ já mọ́ àwọn tó dì í mú lọ́wọ́.

"Irọ́ nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń sọ? Ẹnu yín lẹ fi sọ fún mi! Ẹ ní ẹ ò gbọ́!"

Ọba gbé ọwọ́ sókè. "Obìnrin, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lo fi wí pé o kò gbọ́. Lónìí o ní o gbọ́. Èwo ni ká gbà? Àbí wọ́n ti fún ọ ní nǹkan?"

"Ẹ fún mi ní ìwo rẹ̀, Kábíyèsí."

Wọ́n gbé e fún mi. Mo fi sẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́, atẹ́gùn lásán ló jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín. Mo nu ẹnu. Mo rántí ìdí oyin, mo rántí èéfín, mo sì fun ún bó ṣe wọ etí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè. Ó là láàárín. Ó parí kín-ín.

Kwenburh jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni ó wí. "Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ikọ́ ti wà láyà rẹ̀. Èémí rẹ̀ kì í tó ìwo fun tán. Kábíyèsí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ọba ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Dudda kò jà mọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ibi tí òkú wà. "Ó fun ún," ni ó ń wí. "Ó fun ún." Bí wọ́n bá gbé e kọ́ nígbà náà, n kò rò pé ì bá mọ̀.

"Ìbúra ti fọ́," ni ọba wí. "Ìyá, ọ̀ràn náà di tìrẹ. Bí o bá ní kí n gbé e kọ́, màá gbé e kọ́."

Kwenburh dìde. Ó lọ bá Dudda. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́, Ìyá. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mi ò gbọ́."

Ó wá yí sí mi. Mo ti mọ̀ pé ó máa kàn mí. "Ìwọ lo gbọ́. Bí o bá dáhùn, àbúrò rẹ ì bá gbọ́ ohùn rẹ. Kí ló dé tí o kò dáhùn?"

"Mo wà nídìí oyin."

"Oyin," ni ó wí.

Ó wo ìkòkò tó wà lórí tábìlì ọba. Gbogbo ènìyàn wò ó. "Oyin kò tún gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó bá ọba sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè. "Ẹ má pa á. Ilé mi kò ní ọkùnrin mọ́. Ẹ jẹ́ kó wá máa da ẹlẹ́dẹ̀ mi."

Báyìí ni wọ́n ṣe fá irun àbúrò mi níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì obìnrin náà, ó sì di ẹrú rẹ̀ lójú gbogbo ayé, òun ọmọ ẹni tó ní ilẹ̀. Wọ́n sin Ordlaf pẹ̀lú àdúrà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ màlúù fẹ́ gbéra, Dudda kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wò mí.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ni ó wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

Ó tọ̀nà.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ilé Kwenburh wà ní òdìkejì igbó, n kò débẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó mú ọ̀rọ̀ wá. Ohun tí mo mọ̀ láti ṣe kò ju pé kí n máa dáhùn lọ. Bí ìwo kan bá ti dún, màá ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi nù, màá figbe ta. Bàbá Hunbald sọ ọ́ di àpárá. "Tetta, ewúrẹ́ ló ké yẹn! Má dá ewúrẹ́ lóhùn mọ́!" Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Màá dá ewúrẹ́ lóhùn.

Ìgbà tí èso óákù ń jábọ́ tún dé. Ọwọ́ mi wà nínú agbọ̀n oyin dé ìgúnpá nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ìhà odò. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè. Ó là láàárín. Ó parí kín-ín.

Ara mi bù máṣọ. Òkú ni mo rò. Àmọ́ ẹnu mi kò dúró dè mí.

"Mo gbọ́ o!" ni mo ké, ọwọ́ mi ṣì wà nínú agbọ̀n. "Mo gbọ́! Máa bọ̀! Mo gbọ́ ọ o!"

Àwọn oyin tú jáde, wọ́n bò mí lójú, lọ́rùn, wọ́n ta mí bó ṣe wù wọ́n. N kò dákẹ́. Mò ń ké e títí ọkùnrin kan fi yọ láàárín àwọn igi, irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀ bíi ti ẹrú, ìwo ẹfọ̀n ẹlẹ́nu fàdákà sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Dudda dúró jìnnà díẹ̀.

"Ìyá Ordlaf ló kọ́ mi bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fun ún," ni ó wí. "Ó ní ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́." Ó wo ojú mi. "Ojú yín ti wú, Ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kó wú. Kí lo wá ṣe?"

Ó mú ìkòkò kékeré kan jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ìyá ní kí n wá gba oyin."